Ọfà Àríwá Tí Mo Yà sí Igun Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọkùnrin kan wà lórí ibùsùn ní ọsibítù kan ní Jos níbí, tó ń kú lọ, ẹ̀bi tèmi ló sì rù dé ibẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Dogon Dutse, ní Jos níbí, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ yíya máàpù ni mo ṣe níléeṣẹ́ ìwakùsà kan. Rúlà, pẹ́ńsù àti íńkì dúdú ni irinṣẹ́ mi, iṣẹ́ náà kò sì gba àṣìṣe.

Adérónkẹ́ nìkan ni ọmọ tí mo bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń se omi tó bá máa mu. Tí ọyẹ́ bá dé, súwẹ́tà méjì ni mo máa ń wọ̀ fún un, ọ̀kan lórí èkejì, títí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń pè é ní Albasa, ìyẹn àlùbọ́sà.

Alfa Sálíù ló kọ́ ọ ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ará Ìlọrin ni, olùkọ́ ìṣirò. Àwọn òyìnbó ìwakùsà ní Rayfield ló kọ́ òun náà. Nígbà tí Rónkẹ́ fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wọn tí kò tíì nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ rìn nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Tó bá ti àwọn sójà rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ayò kékeré, síwájú, tó tò wọ́n bí ọgbà, àyè á há mọ́ dúdú. Ẹṣin dúdú kò ní ríbi fò sí, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á há sẹ́yìn sójà ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jókòó, wọ́n á máa ṣọ́ra, títí funfun á fi tẹ̀ wọ́n pa. Rónkẹ́ kì í jókòó. Á fi sójà kan kọlu ìdí ọgbà náà, á sì fi òmíràn kọlu orí rẹ̀. Ọ̀nà á là níwájú ilé ìṣọ́ rẹ̀, ìyẹn ọmọ ayò tó máa ń rìn tààrà. Ìgbà náà ni yóò ṣe ohun tó fi oṣù márùn-ún wá: á fi ilé ìṣọ́ gba ẹṣin tó dúró ti ọba funfun, á sì jẹ́ kí wọ́n pa ilé ìṣọ́ náà. Ńlá ló fi ra kékeré. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ọba funfun máa wà, gbogbo dúdú tó há á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹni tí àyè bá há mọ́ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀," ló máa ń wí.

Èmi ni mo ya àwòrán ọgbọ́n náà sínú ìwé Rónkẹ́. Ní ibi iṣẹ́ wa, àwòrán kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì láìní ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ya ọfà sí igun pátákó ṣẹ́ẹ̀sì náà. Ìdí ọfà tèmi máa ń ní ìkọ́ kékeré kan. Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Alfa, ẹ wá wo bàbá mi! Ṣé àríwá ni ọba máa sá gbà ni?"

"Haba, Bàbá Rónkẹ́," ni Alfa wí, "ẹ kúkú ya odò sí i, kí ẹṣin lè rí omi mu."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan la rí ojú ìwé yẹn.

Alfa ti ṣèlérí fún mi, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, pé òun kò ní mú Rónkẹ́ kọjá Jos láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Ìdíje kan wá dé. Ẹni tó bá borí yóò lọ sí Èkó fún oṣù mẹ́ta, bóyá kó tibẹ̀ kọjá sí òkè òkun. Mo ń wá súwẹ́tà tí mo fẹ́ fọ̀ nínú báàgì Rónkẹ́ ni mo rí fọ́ọ̀mù. Níbi tí òbí ti ń fọwọ́ sí, Alfa ló fọwọ́ sí i. Ọmọ mi kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Ẹni méjì péré ni mo fọkàn tán láyé, àwọn méjèèjì sì jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n dà mí. N kò bi wọ́n. Ká ní mo bi wọ́n ni! Mo ká fọ́ọ̀mù náà bí mo ṣe bá a, mo dá a padà, mo sì fọ súwẹ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìwé Rónkẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń da máàpù kọ lé ojú ìwé náà, mo sì dà á kọ látòkè délẹ̀. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ibi tí ilé ìṣọ́ ti ń gba ẹṣin. Mo fi í sínú àpòòwé tí kò lórúkọ, mo sì fi í sórí tábìlì Gyang. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Zawan ni, iléeṣẹ́ wa ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Alfa lòun náà ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, òun ni yóò sì bá Rónkẹ́ ta àtagbẹ̀yìn ìdíje náà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú fúláàsì tíì gbígbóná. Rónkẹ́ ló mú dúdú. Ó kọlu ìdí ọgbà. Ó kù díẹ̀ kó kọlu orí rẹ̀ ni Gyang gbé ẹṣin tó dúró ti ọba rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn èèyàn kùn, nítorí kò sẹ́ni tó ń dá irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ padà láìnídìí. Rónkẹ́ gbójú sókè. Kò wo Gyang. Alfa ló wò. Ó ta á tán, wọ́n nà án.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Ẹni mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n, Bàbá. Èmi, ẹ̀yin, Alfa. Èmi kọ́. Ẹ̀yin kọ́."

Èsì mi gan-an rèé: "Ṣebí Alfa ń kọ́ Gyang náà?"

Mi ò parọ́, àbí? Ìbéèrè ni mo bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Láti ọjọ́ náà, kò ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́. Ó pàdé Alfa lọ́jà, ó kọjá lára àgbàlagbà náà láìkúnlẹ̀, bí ẹni pé òpó iná ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alfa wá sílé wa, Rónkẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà kẹta, Alfa wò mí pẹ́, ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ó sì lọ. Èkó tí n kò fẹ́ kó lọ yẹn náà ló padà lọ́kọ sí. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò dà mí rí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gyang wá bá mi. Hausa ló ń sọ. Ó mú bébà mi jáde, ó ti gbó, ó sì ti pọ́n.

"Baba, ọdún mélòó ni mo fi ń wo máàpù yín lára ògiri ọ́fíìsì? Mo mọ ọfà yìí."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mo da ọfà mi náà kọ. Ó wà ní igun bébà pẹ̀lú ìkọ́ kékeré nídìí rẹ̀.

Gyang ní ojú ti òun lẹ́yìn tí òun borí, ni òun bá fi bébà náà han Alfa lọ́jọ́ náà gan-an. Alfa wo igun rẹ̀. Ó dá a padà, ó ní, "Fi pamọ́. Má fi han ọmọbìnrin yẹn láéláé. Kò ní ìyá. Kò gbọdọ̀ pàdánù bàbá rẹ̀."

"Orúkọ Rónkẹ́ ni Alfa ń pè ní ọsibítù," ni Gyang wí. "Sai hakuri, Baba, ẹ ṣe sùúrù. N kò lè fi í pamọ́ mọ́." Ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé kí èsì yín tó dé, ó lè ti pẹ́ jù fún Alfa. Nítorí náà n kò dúró. Mo kọ gbogbo rẹ̀ fún Rónkẹ́, mo fi bébà náà sínú lẹ́tà, mo sì fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ kan ṣoṣo. Tí Rónkẹ́ bá wá, ọ̀dọ̀ Alfa ni kó kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn yé mi. Èmi á jókòó sílé. Ṣùgbọ́n tó bá kí Alfa tán, tó sì padà sí Èkó láìyà sọ́dọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo tó lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó?