Mọ́tò Tí Bàbá Ń Ṣọ́ Lẹ́bàá Títì

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀. Ìwọ lo pè mí yìí? Ṣé kò sí o?

ÀBÚRÒ: Kò sí nǹkan kan, mà. Ìyá ìkókó ńkọ́? Ìkókó ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Ọmọ yẹn, ọ̀sán ló ń sùn, tó bá di òru á lajú sílẹ̀. Bàbá ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Bàbá wà, mà. Mo kàn ní kí n béèrè nǹkan kékeré kan—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ tí o kì í pe èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, èmi ni mò ń pè, ìyàwó ẹ á ní o wà ní ṣọ́ọ̀bù, pé ò ń tún fóònù oníbàárà ṣe. O ń tún fóònù gbogbo ìlú ṣe, ìwọ ò rí èyí tí o máa fi pe ẹ̀gbọ́n ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, spare key mọ́tò yín, ibo lẹ fi sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni?

ÀBÚRÒ: Spare key. Kọ́kọ́rọ́ kejì. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Èyí tí mo kó lé ẹ lọ́wọ́ ńkọ́? Torí tìẹ ni mo ṣe fi mọ́tò sílẹ̀ níwájú ilé ẹ, kí o lè máa fi gbé Bàbá lọ sí kílíníkì. Èmi fúnra mi wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé báàgì sí itan bí ẹni gbé ọmọ. Ṣé o ti sọ ọ́ nù ni?

ÀBÚRÒ: Kò sọnù, mà. Ó wà. Ọwọ́ mi ni kò sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ ta ló wà?

ÀBÚRÒ: [ó wúkọ́] Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Káńsù ló fa gbogbo ẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì iwájú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní mọ́tò náà ò kúrò lójú kan, wọ́n ní ó ń rùn—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń ṣe kí ni?

ÀBÚRÒ: Ó ń rùn díẹ̀, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mọ́tò mi? Mo fọ mọ́tò yẹn tinú tòde kí n tó gbé e wá. Mo kúnlẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì họ abẹ́ síìtì. Kí ló wá ń rùn níbẹ̀? Ṣé eku ló kú sínú ẹ̀, àbí ẹja lo kó sí bòòtù?

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe eku. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ilé tó kọjú sí tiwa ló lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń fọwọ́ dímú. Obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà ní igun náà ti kó tábìlì ẹ̀ lọ sí òdìkejì, ó ní eṣinṣin ò jẹ́ kí òun rímú mí. Àwọn towing tó ń fa mọ́tò lọ ló wá dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n wà nísàlẹ̀ báyìí. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé e bẹ́ẹ̀, àfi tí—

[Nẹ́tíwọ̀kì ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Àfi tí kí ni? Halóò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: —kí n ṣí ilẹ̀kùn ni. Wọ́n ti tì í látinú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló tì í látinú?

ÀBÚRÒ: Ilẹ̀kùn náà ló há, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ bí nǹkan—

Ẹ̀GBỌ́N: Dákẹ́. Ẹ̀yìn mi lo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tí o bá fẹ́ parọ́, ohùn ẹ máa ń tínrín. Ta ló wà nínú mọ́tò mi?

[Ọkọ̀ kan ń fun fèrè lókèèrè.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ta ló wà nínú mọ́tò mi?

ÀBÚRÒ: Bàbá ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá wa?

ÀBÚRÒ: Bàbá wa, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n kàn lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ yìí ni?

ÀBÚRÒ: Rárá. Ó ti pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo ni wọ́n ń sùn?

ÀBÚRÒ: Ibẹ̀ náà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Láti ìgbà wo?

ÀBÚRÒ: Láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Jésù. Dúró. Jẹ́ kí n jókòó.

[Àga ń fà nílẹ̀. Ọmọ ń ké díẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bínú. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ ń lọ. Ẹ ń bá wọn ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ mọ́tò mi o. Wọ́n sì mú un bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ awakọ̀ tírélà ni wọ́n fi gbogbo ayé ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí nìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ tá à ń sọ?

ÀBÚRÒ: Ẹ ti gbàgbé ni? Awakọ̀ tó gbé ẹrù oníbàárà kì í sọ̀kalẹ̀. Orí síìtì ló ń sùn, títí ẹlẹ́rù á fi dé, tá á fojú ara ẹ̀ wo ẹrù, tá á ní, mo gbà á. Bí Bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tá a wà ní kékeré. Wọ́n á dé ìlú, wọn ò ní wọlé. Màmá á fi wá ran oúnjẹ sí wọn ní gárééjì.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rántí. Èmi ni mo máa ń gbé àwo.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣáà rí i. Nǹkan àgbà ti ń mú wọn. Wọ́n ń dúró de ẹlẹ́rù. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rù ọ̀hún.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnu mi ló kó bá wọn. Áà, ẹnu mi yìí. Eré ni mò ń ṣe o.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀ pé eré ni, mà. Kò sí ẹni tó dá yín lẹ́bi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi? Ìwọ ńkọ́? O jí lójoojúmọ́, o rí bàbá ẹ tó ká jọ sórí síìtì, o gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù?

ÀBÚRÒ: Mo máa ń kí wọn, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: O máa ń kí wọn.

ÀBÚRÒ: Mo máa ń kan gíláàsì—

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo ni wọ́n ń tọ̀ sí?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ibo ni wọ́n ń tọ̀ sí. Ẹni tí ìtọ̀ ò dá dúró lára ẹ̀, tí mo torí ẹ̀ kó oògùn kalẹ̀ fún ẹ nínú àpò, tí mo fi hàn ẹ́ lójúkojú.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ike, mà. Ìyàwó mi fún wọn ní ike tó ní ìdérí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń dé inú ike náà, ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti wọ fóòmù síìtì. Oògùn sì ti tán.

Ẹ̀GBỌ́N: O lọ gba òmíràn?

ÀBÚRÒ: Mo fẹ́ lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Kílíníkì ńkọ́? Ṣé ẹ tilẹ̀ ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

ÀBÚRÒ: Báwo la ṣe máa dé ibẹ̀, tí wọ́n ò jẹ́ kí n wa mọ́tò?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti wà nínú mọ́tò. Kí o ṣáà jókòó síbi ìwakọ̀. Oúnjẹ ńkọ́, ta ló ń gbé e fún wọn?

ÀBÚRÒ: Ìyàwó mi ni. Kò kùnà rí, ẹ̀gbọ́n mi. Láàárọ̀, lálẹ́. Pẹ̀lú gbogbo òórùn yẹn náà. Ó máa ń fi ìbòmú bo imú, á gba ojú wíńdò nà án sí wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń fi ìbòmú bo imú gbé oúnjẹ fún bàbá ọkọ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Òórùn náà le, mà. Tí ẹ bá wà níbẹ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ ń rí mi lára. Àní èébì ń gbé mi níbi tí mo jókòó sí yìí, kì í sì í ṣe ìtọ̀ Bàbá ló fà á. Wọ́n ní tí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Tiyín yàtọ̀, ẹ na ọmú gba ojú wíńdò, ẹ dímú. O mọ̀ pé tí wọ́n bá bí ẹ ní ilé ẹlòmíràn—

[Nẹ́tíwọ̀kì ń já. Ariwo.]

ÀBÚRÒ: —ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mi ò gbọ́ èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa bí o ò ṣe gbọ́ ọ. Sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.

ÀBÚRÒ: Mò ń lọ. Ohun tí mo tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, tí kò bá sí spare key.

[Bàtà ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ariwo títì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń pariwo yẹn?

ÀBÚRÒ: Èrò ló pé jọ síbẹ̀. Awakọ̀ towing ló ń bínú sí mi. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti gbé mọ́tò, kì í ṣe láti fi ìkọ́ gbé bàbá arúgbó rọ̀ sókè bí ẹran. Ó ní tí Bàbá ò bá sọ̀kalẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kan taya. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé pé ta ni mo jẹ́ sí wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí?

ÀBÚRÒ: Mo ní aládùúgbò ni mí.

[Ariwo títì ń bá a lọ.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé fóònù fún wọn.

ÀBÚRÒ: Tẹ́ ẹ bá ti bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà parọ́ fún wọn. Ẹ ní ẹ ti dé. Ẹ ní ẹ ti gba mọ́tò yín. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn yìí á gbé e lọ, àdúgbò á sinmi. Mo bẹ̀ yín, mà. Gbogbo ènìyàn ló ń wò mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní gbé fóònù fún wọn.

[Ó ń kan gíláàsì. Gíláàsì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fóònù ń gba ọwọ́ dé ọwọ́. Ariwo títì dín kù.]

BÀBÁ: Ta nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà.

BÀBÁ: Ọmọ mi. Káàárọ̀. Ìkókó ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń mu ún dáadáa, sà. Bàbá, mo ti dé o. Mo ti gba mọ́tò mi. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ sinmi.

[Ọmọ ń ké lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n.]

BÀBÁ: O ò tíì dé. Ọmọ ń ké lẹ́yìn ẹ. Ta ló kọ́ ẹ ní irọ́ yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní ẹ̀ ń dúró de ẹlẹ́rù ni, sà.

BÀBÁ: Ẹrù wo? [Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wúkọ́.] Mọ́tò òfìfo. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi tírélà sílẹ̀. Ìtọ̀ mi ló dàrú, orí mi ò dàrú.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá dé tí ẹ ò wọlé?

BÀBÁ: Wọ ibo?

Ẹ̀GBỌ́N: Yàrá yín, sà.

BÀBÁ: Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni? Ọjọ́ kejì tí o lọ, mo jáde ní balùwẹ̀, mo bá bẹ́ẹ̀dì mi lórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó àbúrò ẹ ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ sí yàrá náà. Wọ́n ní òórùn mi á wọ aṣọ oníbàárà. Mi ò bá wọn jà. Ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, Bàbá, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀, síìtì ẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn.

[Ẹ̀gbọ́n ń sunkún díẹ̀díẹ̀.]

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ yín, sà.

BÀBÁ: Má sunkún. Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ, síìtì ẹ. Mo rò pé màá lè fọ̀ ọ́ kí o tó dé. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, wọ́n á fà á lọ, mi ò mọ ibi tí màá sùn lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n tí o bá ní kí n sọ̀kalẹ̀, mọ́tò ẹ ni. Màá sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá, ẹ má sọ̀kalẹ̀.

BÀBÁ: Àwọn èèyàn yìí ń dúró.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n dúró. Ẹ jókòó síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó kàn ni mò ń wọ̀, ilé mi la jọ ń lọ.

BÀBÁ: Ìkókó ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìkókó ní ìyá. Ẹ gbé gíláàsì yín sókè.

[Gíláàsì ń gòkè. Ọwọ́ ń kan án láti ìta, ó ń yára sí i.]

ÀBÚRÒ: [láti ìta] Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sọ fún wọn? Bàbá, fóònù mi—

BÀBÁ: Ó ní kí n fún òun ní fóònù òun.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ bi í pé aládùúgbò wo ló ni ín.

[Ìpè já.]