Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Akin Léèrè Ibi Tí Ísírẹ́lì Ti Wá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, Houston yìí ò rí báyìí. Katy tí ẹ ń gbé yìí, oko ìrẹsì ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́... àbúrò bàbá mi ni àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, Bàbá ni mo ń pè wọ́n. Àwọn náà ló yẹ kí wọ́n fà mí lé ọkọ lọ́wọ́.

Akin, bàbá àgbà yín, ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun tí ará àtijọ́ fi sílẹ̀. Yunifásítì kó wọn lọ sí Ísírẹ́lì lọ gbẹ́lẹ̀. Ìgbà tó dé, kí ni ìjọ ṣe? Wọ́n ní ó ti di JP, ó ti dé Jerúsálẹ́mù! Àwọn ìyá ìjọ gbé ìgò wá, kó bu omi Jọ́dánì fún wọn. Omi wo? Fọ́tò àpáàdì ló kó bọ̀!

Bàbá ní, "Ó dáa, sọ ohun tí o rí fún wa. Ṣé o rí ipa àwọn tó ti Íjíbítì wá?"

Akin ní, "Bàbá, ìkòkò ilé àwọn Ísírẹ́lì àkọ́kọ́ jọ ti ará Kénánì gan-an. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní láàárín ará Kénánì ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Àwọn mìíràn ní rárá o. Wọ́n ṣì ń jiyàn ẹ̀."

Hẹn!

Bàbá ní, "Ta wá ni Ọlọ́run mú la Òkun Pupa kọjá?"

"Mi ò sọ pé kò ṣẹlẹ̀, sà. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ ni kò tíì fi hàn wá."

Bàbá dìde. "Sọ fún ìjọ pé irọ́ ni wọ́n kọ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní fa ọmọ mi lé ẹ lọ́wọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fa aṣọ Akin. Mo ní, "Jọ̀ọ́, just say sorry, ká máa lọ." Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? "Tí mo bá purọ́ torí kí n lè fẹ́ ẹ, kí lo tún máa gbà gbọ́ lẹ́nu mi?"

Inú bí mi, àfi bíi kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé e jáde. Kóòtù la ti ṣègbéyàwó... kò sẹ́ni tó fà mí lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tòde òní, ẹ óò jiyàn díẹ̀, ẹ óò ti block ara yín. Àwa náà ò sàn jù yín lọ. Wọ́n ní bí a ń jà, bíi ká kú kọ́. Nígbà tó yá, Bàbá fóònù láti Rosenberg, ìlú tí wọ́n ń gbé, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Akin. Akin ní òun á pè wọ́n padà.

Kò pè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá kú.

Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì tó wà ńbẹ̀ nígbà tí Ísírẹ́lì ń bọ̀. Ẹ máa jiyàn yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí èèyàn yín bá pè yín, ẹ dá a lóhùn.