Omi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bí mo bá sọ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Bí mo ṣe jókòó ní Ìlóra yìí, irun orí mi ti tán, èékánná mi ti dúdú, oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára n'Ìbàdàn kò sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Àwòrán tí wọ́n yà kẹ́yìn fi hàn pé àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀. Ọkọ mi ń sọ pé Ọlọ́run á ṣe é, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi bó bá ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ikú gan-an kọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni.

Télọ̀ ni mí. Èkó la ń gbé tẹ́lẹ̀, aṣọ ìyàwó ni mò ń rán níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi kí àwọn oníbàárà lè rí i. Lẹ́yìn tí mo fún ọmọ mẹ́ta lọ́mú, ọyàn mi rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, aṣọ kò dúró lára mi mọ́. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí ọkọ mi lọ gba ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta l'ókè Ọya, mo lọ bá dókítà kan, ó fi àpò rọ́bà méjì sí mi nínú ọyàn. Èyí tí ara rẹ̀ kò dán ló fi sí i, ó ní ìyẹn kì í yẹ̀ kúrò lójú kan. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí ọ̀kan bá wú lójijì, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí n tètè wá. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un pé kókó ni wọ́n yọ níbẹ̀, pé mo sì ti ń sanra. Ó gbà mí gbọ́.

Ọdún kẹjọ lé e, a ti kó padà wá sí Ìlóra, sínú ilé ìyá ọkọ mi. Ìyá lọ́wọ́ ìtọ́jú ọyàn. Abiyamọ tí omi ọyàn rẹ̀ bá dì, tí ọyàn le koko, láti Fìdítì, láti Ìwàrè, ọ̀kadà ló ń gbé wọn wá bá a. Táwẹ̀lì olómi gbígbóná àti òrí ló fi ń tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi là. Nítorí náà, nígbà tí ọyàn mi òsì ṣàdédé wú débi pé síìpù aṣọ kò lọ sókè mọ́, ojú Ìyá ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyàwó mi, ṣé o lóyún ni?"

Irọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Mo ní oyún oṣù méjì kan ló wálẹ̀ lára mi, pé bóyá omi ọyàn rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Ìyá sunkún oyún tí kò sí rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi tẹ ọyàn náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń ṣàdúà lé e lórí. Ẹ wo èmi náà lórí ẹní! Kì í ṣe àìsàn ni mò ń bẹ̀rù, ẹ̀rù ń bà mí kí rọ́bà má bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọyàn náà kò fọn, mo dọ́gbọ́n lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní Fìdítì. Òun nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Ó rọra fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, ó kún ike kékeré kan, ó rí bí omi orí ògì. Ó ní kí a fi ránṣẹ́ sí láàbù n'Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá. Wọ́n á kọ orúkọ mi, wọ́n á kọ rọ́bà sínú ìwé, ta ló mọ ẹni tó máa rí i? Mo ní kó dà á nù. Ó dà á sí gọ́tà.

Ọyàn náà fọn fún oṣù mẹ́rin. Ìyá din àkàrà, ó fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéwú. Ó tún wú, mo tún lọ fà á, mo tún ní kí wọ́n dà á nù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kókó ti yọ lábíyá mi, kò sí ibi tí mo tún lè fi pamọ́ sí.

Dókítà obìnrin tó gbà mí n'Ìbàdàn kò bú mi. Ó ní ọ̀pọ̀ tó ní rọ́bà lára ni omi máa ń gbára jọ sí lọ́yàn, tó sì jẹ́ pé omi lásán ni, bóyá wọ́n fàyà gbá nǹkan, bóyá kòkòrò ló wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, oríṣi jẹjẹrẹ kan ló ń fa omi náà, kì í ṣe jẹjẹrẹ ọyàn tí a mọ̀, inú awọ tí ara fi yí rọ́bà ká ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú kò lè dá àwọn méjèèjì mọ̀, ọwọ́ kò lè dá wọn mọ̀, àfi láàbù. Ó bi mí pé, "Mà, omi àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?" Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú omi nìkan ló wà, pé bí wọ́n bá yọ rọ́bà àti awọ rẹ̀ kúrò pátápátá, ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da omi yín nù láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkọ mi ti mọ̀ nípa rọ́bà náà báyìí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí Ìyá gbọ́, pé ìtìjú rẹ̀ á pọ̀ jù fún arúgbó. Mo gbà, torí ó rọrùn fún mi.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, abiyamọ kan wá láti Akínmọ̀ọ́rìn, ọyàn rẹ̀ le, ọmọ ń ké. Mo wà nínú yàrá, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá ní, "Lọ bá ẹlòmíì, ọmọ mi. Ọwọ́ yìí ni mo fi tẹ ọyàn ìyàwó ilé mi títí ó fi di jẹjẹrẹ." Ọmọbìnrin yẹn bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo rọra na ọwọ́, mo ti fèrèsé.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, àbí kí n pe Ìyá jókòó, kí n sọ ohun tó ń tẹ̀ gan-an fún un? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, títí Ìyá fi máa kú, á gbà pé òun ló pa mí.