Ẹ Jẹ́ Kí Ọnárébù Máa Lọ

Ẹ̀yin èèyàn Ìdí-Ọ̀mọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Lálúpọn wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ìrókò, ẹ̀yin ará Akanran tí ọkọ̀ yín bàjẹ́ lọ́nà tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ẹ kú ìrìn. Ọlọ́run ò ní fi irú èyí pè wá jọ mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Mọ́gàjí, olórí ìdílé wa, mo kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ ṣé, ẹ sinmi díẹ̀. Omi wà lẹ́yìn ilé.

Ṣìkẹ́mi lorúkọ mi, ọmọ àbúrò olóògbé ni mí. Èmi ni ọmọ tí wọ́n mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní kékeré, tó padà dé tí kò lè sọ "ẹ kúulé" kó já gaara. Ilé bàbá tó sùn síwájú wa yìí ni mo ti kọ́ ọ. Nítorí náà, bí mo bá ṣi òwe pa lálẹ́ òní, ẹ bá wọn wí, ẹ má bá mi wí.

Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ ṣé. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló gbé mi dìde. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ́ sàréè síwájú gbọ̀ngàn ìlú, létí títì. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni Bàbá ní kí wọ́n sin àwọn sí. Oko ọsàn wọn ni wọ́n ní. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ìyàwó wọn gbọ́ ọ, Tiwaladé ọmọ wọn gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ̀bẹ̀ ò tíì pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú wọn rí, kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Ṣé ẹ mọ bí Sanmí Ògúnbọ̀dé ṣe di olóṣèlú? Ẹnu ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n nígbà kan, lára àwọn tó ń lọ káàkiri abà láti kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí kòkó. Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbin ọsàn sórí ilẹ̀ bàbá wọn lẹ́yìn odò, wọ́n ní ó kù káwọn máa fi ìrọ̀rùn dàgbà. Òjò ọdún kan rọ̀, odò kún, ó gbé ẹrù gàrí Ìyá Alimat lọ, díẹ̀ ló kù kó gbé òun alára lọ. Inú bí Bàbá. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí káńsù, wọ́n pariwo lé wọn lórí: "Ṣé ìgbà tí odò bá kó wa lọ tán lẹ tó máa ṣe afárá?" Akọ̀wé kan níbẹ̀ tí ariwo ti sú, ó ní, "Bàbá, ìdìbò ń bọ̀. Bó bá dùn yín tó báyìí, ẹ wá ṣe kánsẹ́lọ̀ fúnra yín."

Wọ́n délé, wọ́n sọ ọ́ bí àwàdà. Ìlú ò gbà á bí àwàdà.

Ọdún 1987 nìyẹn. Wọ́n ní, "Afárá yìí nìkan o. Bó bá ti dúró, mo ti padà sídìí ọsàn mi." Afárá dúró. Orí ẹ̀ lẹ gbà wá síbí lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Bàbá gbọn ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ó parí." Ni Alàgbà Fọlọ́runṣọ́, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn: "Ẹni tó ṣe afárá lè ṣe ọ̀nà! Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló kàn!" Ìlú hó yèè. Alàgbà, ṣé mo purọ́ mọ́ yín? Wọ́n ní mi ò purọ́.

Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìyá Tiwaladé, mo ti há." Màmá ní, "Ẹ sáà sọ pé ẹ ò ṣe." Wọ́n ní, "Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ìyá Alimat ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀."

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò lọ́dún 1991, ẹ rántí pé a kì í tẹ̀ka nígbà yẹn. Fọ́tò ẹni tó ń du ipò ni wọ́n máa ń gbé dúró, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, gbogbo ayé á sì máa wò ó. Fọ́tò Bàbá wà níbìkan, ti Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù tó ń bá wọn du ipò wà níbìkan. Bàbá wọ agbádá, wọ́n jáde, wọ́n rìn kọjá iwájú fọ́tò ara wọn, wọ́n lọ tò sẹ́yìn fọ́tò Ọládòṣù! Wọ́n rò pé bí ìlú bá rí i pé àwọn fúnra àwọn ò dìbò fún ara àwọn, ìlú á mọ̀ pé àwọn ò fẹ́, ìlú á tú ká.

Kí lẹ ṣe? Ẹ dáhùn o, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ bú sẹ́kún! Ìyá Alimat ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo ọmọlúàbí! Ẹni tó ń bá a du ipò ló ń bọ̀wọ̀ fún!" Làwọn tó tò sẹ́yìn Ọládòṣù bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọjá sí ìlà Bàbá. Ó wá ku Ọládòṣù, ìyàwó ẹ̀, àti Bàbá. Ọládòṣù yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ lọ sí ìlà yín. Ẹ ti pa mí tán." Ọládòṣù ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń fi àǹkáṣíìfù nu ojú.

Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bí wọ́n ṣe dé ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn. Ẹ̀yin lẹ rán wọn, wọn ò sì gbàgbé iṣẹ́ rí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ sọ wọ́n ní "Ọlọ́nà". Bí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ sókè, àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: "Ọlọ́nà tún dé." Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà náà. Nígbà tí ọdún 1993 ń lọ sópin, àwọn sójà gbàjọba, wọ́n tú ilé aṣòfin ká. Àwọn yòókù ń ṣọ̀fọ̀ ipò. Bàbá wọkọ̀ Lálúpọn, wọ́n gun ọ̀kadà dé orí afárá, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n jó wọlé. Màmá ní àwọn rò pé orí wọn ti dàrú. "Ìyá Tiwaladé, wọ́n ti tú mi sílẹ̀!" Wọn ò tíì ṣí fìlà tí Ìyá Alimat fi dé. "Ọnárébù, a gbọ́ pé wọ́n lé yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sójà ò ní rójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iléèwé Alimat tí mo bá yín sọ ńkọ́?"

Sójà tú ilé aṣòfin ká. Ìdí-Ọ̀mọ̀ ò tú Bàbá sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mọ́, kò sí ọ́fíìsì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba tí wọ́n lè pè. Síbẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ kí ẹnu ọ̀nà wọn má kún. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ lù, Ọnárébù. Ẹni tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ̀, Ọnárébù. Ẹni tó ń wáṣẹ́ fọ́mọ, Ọnárébù. Wọ́n á ní, "Èmi kì í ṣe Ọnárébù mọ́." Ẹ̀yin á ní, "A mọ̀, Ọnárébù."

Èmi náà ti dé nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé wọn lọ sóko. À ń já ọsàn lọ́wọ́ la gbọ́ ohùn èèyàn lójú ọ̀nà. Kí n tó ṣẹ́jú, bàbá tó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ti wà lórí igi. Wọ́n ní, "Ṣìkẹ́mi, ṣá sọ pé o ò rí mi." Obìnrin méjì yọ, wọ́n béèrè Bàbá. Èmi tí mi ò tíì mọ irọ́ pa lédè Yorùbá, mo ní, "Bàbá ò sí lórí igi."

Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè. Ó ní, "Ọnárébù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀kalẹ̀, a lè sọ ọ́ láti ìsàlẹ̀."

Wọ́n sì sọ ọ́ tán. Orí igi ni Bàbá ti dá ẹjọ́ wọn.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ ká rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gún ọsàn ti ya wọ́n lápá. Wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá kú, ibí yìí ni kẹ́ ẹ gbé mi wá. Ẹ má sin mí síbi tí wọ́n ti lè kanlẹ̀kùn."

Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ní í pani. Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, dókítà ní kí wọ́n má dìde lórí ibùsùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá mú Luqman ọmọ ìlú wa, tòun ti ọ̀kadà ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sáré wá pe Bàbá. Màmá Tiwaladé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹni tó bá máa gbé Bàbá jáde á kọ́kọ́ gbé àwọn kúrò lọ́nà. Bàbá gba ojú fèrèsé jáde. Ojú fèrèsé, ẹ̀yin èèyàn! Ẹni tó ń gun igi sá fún yín, òun náà ló tún gba fèrèsé wá bá yín. Wọ́n gba béèlì Luqman. Wọ́n padà dé, wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo bu omi dé, wọ́n ti lọ.

Luqman, gbórí sókè. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ wí. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ẹlòmíì ni ì bá jẹ́. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Láti ìgbà tí ẹ ti ń tò kọjá nídìí pósí lálẹ́ òní, ibi orí wọn ni mo dúró sí. Mo rí i tẹ́ ẹ ń tẹrí ba, tẹ́ ẹ ń mi ètè. Mo ní, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà fún bàbá mi. Mo sún mọ́ yín, mo wá gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ: "Ọnárébù, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi rí sọ́rọ̀ ọmọ." "Ọnárébù, ẹ má gbàgbé ọ̀nà wa o." Ẹnì kan, mi ò ní dárúkọ, ó ní kí wọ́n bá òun wá físà! Òkú ni wọ́n, ẹ̀yin èèyàn wa. Òkú!

Alàgbà Fọlọ́runṣọ́ ti ṣàlàyé fún ìdílé wa ní ọ̀sán. Wọ́n ní ìjọba alágbádá ń bọ̀. Wọ́n ní bí sàréè Bàbá bá wà létí títì, àwọn èèyàn ńlá á wá fi òdòdó sórí ẹ̀, ọkọ̀ wọn á rì sínú kòtò wa, ojú á tì wọ́n, wọ́n á da ọ̀dà sọ́nà. Alàgbà, mi ò bú yín. Ọ̀nà náà burú. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ rán alààyè tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tó ń wá kiri títí tó fi kú, òun lẹ tún fẹ́ rán òkú ẹ̀. Ìgbà wo ni wọn ó sinmi? Ẹ bi ara yín. Ìgbà wo?

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé wọn lọ sídìí ọsàn. Màmá Tiwaladé jókòó síbẹ̀ yẹn, àṣà ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ wo ojú wọn.

Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́gàjí ti dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ò gbọ́, ohun tí Mọ́gàjí wí rèé. Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ bí ọmọ gidi. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọ́n ní ẹni tó kú ikú burúkú ni wọ́n ń sin sóko nílẹ̀ wa, ìdílé Ògúnbọ̀dé ò ní ta irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí Sanmí láṣọ. Wọ́n ní ilẹ̀ tí a bá ti la ẹnu ẹ̀ fún òkú, a kì í dí i lófìfo. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tán.

Mo gbọ́, Mọ́gàjí. Mo kúnlẹ̀. Ọmọdé kì í bá Mọ́gàjí fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ku èmi pẹ̀lú wọn.

Bàbá mi, Sanmí ọmọ Ògúnbọ̀dé, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé yín lọ sétí títì. Ẹ má bínú sí wọn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn láìdì í mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ara yín, torí ara nìkan ni ọwọ́ wọn lè dì mú. Ẹ fi fìlà sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi orúkọ Ọnárébù náà sílẹ̀, kí wọ́n máa pè é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má bá wọn dúró. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má wẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ohùn Ìyá Alimat, ẹ tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Gbogbo wọn ló ti rán yín níṣẹ́. Èmi ò rán yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi kí bàbá tó bí mi, àbúrò yín tó ti lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ mi. Ẹ ò jẹ mí ní ìdáhùn kankan, Bàbá.

Ẹ máa lọ.