Ọwọ́ Ìyàwó Mi Kò Ṣe Nǹkan Kan

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyàwó mi tún dìde níwájú ìjọ, ó dúpẹ́ pé mo dúró ti òun nígbà tí ọwọ́ òun kò dáa. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọwọ́ náà kò ṣe nǹkan kan rí, èmi ni mo kó bá a.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan la ní ní Festac. A máa ń tẹ ìwé, a sì máa ń fi skánà ya ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò àwọn oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́, mo kọ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà ràn, mo sì fi í sínú kọ̀ǹpútà wa. Mo wá ń fẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà! Mo ní orúkọ tí mo fi ń wọlé, orúkọ ọ̀gá tí gbogbo ilẹ̀kùn ń ṣí fún. Mo ṣí òmíràn fún Bísí, ìyàwó mi. Bí mo bá jókòó, skánà á ṣiṣẹ́. Bí Bísí bá jókòó, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí skánà kankan. Á yọ wáyà USB rẹ̀, á tún un kì bọ ihò, á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, òfo ni. Èmi á dé, màá fi orúkọ tèmi wọlé, á ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ni mo wá sọ? Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́! Mo ní, "Bísí, ọwọ́ ẹ yìí ò dáa o. Ó yẹ kí pásítọ̀ bá wa wò ó." Àwàdà ni mo pè é, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bísí gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ta òróró sí i lọ́wọ́ ní ìjọ wa ní Alákijà. Ó padà dé ṣọ́ọ̀bù, skánà kò dá a lóhùn.

Kò pẹ́ sí i ni àbúrò rẹ̀ bímọ. A lọ kí wọn ní Mile 2. Wọ́n ní kó gbé ọmọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún mi. Ọwọ́ mi ò dáa, mi ò fẹ́ kó ran ọmọ."

Háà! Obìnrin tó fẹ́ràn ọmọ bí ẹyin ojú! Àánú rẹ̀ ṣe mí títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi orúkọ tirẹ̀ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Skánà kọ̀ fún èmi náà! Mo yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: skánà wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà rí i, àṣẹ láti lò ó ni orúkọ Bísí kò ní. Èmi tí mo ṣí orúkọ náà ni mi ò fún un láṣẹ. Ìlà kan péré ni mo tẹ̀ láti fún un láṣẹ, ọ̀rọ̀ parí.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo dákẹ́. Nígbà tí Bísí dé, tó fi skánà ya fọ́tò oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó kígbe "Halelúyà!", ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wọkọ̀ lọ sí Mile 2, ó lọ gbé ọmọ. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ nígbà yẹn?

Láàárọ̀ yìí ló tún ní, "Ọkọ mi, àdúrà yín ló wò mí sàn." Èmi tí mi ò gba àdúrà kan ṣoṣo! Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹ̀rí tó jẹ́ níjọ á di ẹ̀sín. Bí mo bá dákẹ́, títí ayé ni Bísí á máa rò pé ọwọ́ òun burú nígbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni tí ẹ fẹ́ràn báyìí rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?