Ohùn Ládàánì Lójú Ọ̀nà Mẹ́kà

Yísà, jókòó. Hàlímọ̀tù, súnmọ́ ìyá rẹ. Lánàá ni ìwọ àti ọkọ rẹ wá bi mí pé èwo ló sàn fún ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ṣé kó tẹ̀lé màdúgù tó ń ṣáájú ọ̀wọ́ èrò ni, àbí kó wọ rélùwéè dé Kánò kó sì máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Mo ní kẹ́ ẹ padà wá lónìí. N kò fojú kan oorun láti ìgbà náà. Ẹsẹ̀ mi tó wú yìí, wíwú náà ti ń gòkè bọ̀ wá sí ikùn, ẹni tó ti rin ọ̀nà jíjìn bíi tèmi kò sì nílò oníṣègùn tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún un. Ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sì yẹ kó bá ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, bóyá kò ní sí ẹni tí yóò bu omi fún mi mu mọ́ nínú yín, mo gbà. Hàlímọ̀tù, bàbá rẹ kò sí ní Mẹ́kà. Kò débẹ̀ rí. Èmi Abdulmumini, tí gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin yìí ń pè ní Màdúgù, tí ìwọ ń pè ní Bàbá, èmi ni mo mọ ibi tó wà. Ìyá Hàlímọ̀tù, má tíì sunkún. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí tí mo bá dákẹ́ báyìí, ojo tó wà lára mi yóò tún borí mi.

Ọdún kẹta tí òyìnbó fi ìbọn wọ ìlú yìí ni, kò tíì sí rélùwéè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Hájì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ màdúgù ni láti kó èrò jọ, láti mọ kànga, láti bá ọba ìlú tí a bá dé sọ̀rọ̀, láti sọ ìgbà tí a ó gbéra àti ìgbà tí a ó sọ̀. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló tẹ̀lé mi lọ́dún yẹn. Gàní, bàbá rẹ, ni kò tẹ̀lé mi. Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà Ìpàtà. Tó bá pe ìrun, ẹni tó ń fọṣọ létí odò Asà yóò nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Mo pè é níṣojú èrò, mo ní, "Alfa Gàní, wá bá wa lọ. Ẹran tó bá dá nìkan jẹ̀ ni ìkookò ń pa." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdúgù, n kò ní o ò mọ̀nà. Ṣùgbọ́n o ní kí n sùn, mo sùn. O ní kí n dìde, mo dìde. O ní kí n jẹun, mo yanu. Ṣé Hájì ni mo ń lọ ni, àbí ẹ̀ ń dà mí lọ sọ́jà bí àgùntàn?" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo fẹ́ kó lọ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, eyín mi nìkan ló sì rẹ́rìn-ín.

Ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kan, ó máa ń fi ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ jìnnà sí wa. Ewé wa ló fi ń mọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ rélùwéè lè má mọ èyí. Tí èrò tó wà níwájú bá dé oríta, wọn a ṣẹ́ ẹ̀ka igi, wọn a fi dábùú ọ̀nà tí wọn kò gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣìnà. A kì í bi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní orúkọ. Ọ̀tá ẹni pàápàá, a óò dí i fún un. Ẹni tó bá yí ewé oríta padà, òun àti ẹni tó da májèlé sí kànga, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, èmi náà sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí Gàní bá bá wa létí kànga, yóò jókòó lọ́tọ̀, yóò se oúnjẹ tirẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín. Díẹ̀ díẹ̀, èrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́dọ̀ mi lọ jókòó tì í. Nígbà tí a máa kọjá ilẹ̀ Bọ̀nú, mo gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ pé, "Bí Alfa bá dá rìn débí láìfarapa, kí là ń ṣe bí ẹrú Màdúgù fún?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ẹja ṣe ń wọ ọ̀fun. Ẹ wò mí! Ẹni tí Ọlọ́run fi èèyàn mẹ́tàlélógójì sí lọ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo tí kò tẹ̀lé mi ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ní ìrìn ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Bọ̀nú, a dé oríta kan nínú ilẹ̀ yanrìn. Òsì lọ sí kànga. Ọ̀tún kò ní omi títí di ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Garba ni igbákejì mi, òun ló ń kẹ́yìn èrò, òun ló ń fi ewé dí ọ̀nà. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ó fi dí ọ̀tún. Mo dúró tì í títí èrò fi ṣíwájú. Mo ní, "Garba, gbé e sí òsì." Ó wò mí. "Màdúgù, òsì kọ́ la gbà ni?" "Òsì la gbà. Gbé e síbẹ̀." "Alfa ń bọ̀ lẹ́yìn o." "Ṣé èmi ni mo ní kó má bá wa rìn? Kó fi ọgbọ́n rẹ̀ mọ̀nà." Garba fà sẹ́yìn, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀wù. Ó ní, "Ọwọ́ mi kọ́ o. Ọlọ́run ń wò wá." Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹ̀ka náà. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ipasẹ̀ pẹ́ lórí yanrìn. Kí oòrùn tó yẹ̀, àfi ewé náà nìkan ló kù tó lè sọ ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé òùngbẹ ọjọ́ kan péré ni, yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n, yóò padà. Irọ́ ni. Mo mọ bí omi tó wà nínú àpò awọ rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ọ̀nà méjèèjì kò tètè jìnnà síra. Òkè yanrìn kan ló là wọ́n láàárín. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gan-an, a sọ̀ láti kírun Àílà. Kí ẹni tó máa pe ìrun tiwa tó dìde, a gbọ́ ìpèrun láti apá ọ̀tún, láti ibi tí kò sí ilé, tí kò sí igi. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ na etí wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn yẹn kò pariwo, ó dà bí ẹni tó ń pe ìrun láti inú ìkòkò, síbẹ̀ kò sí ará Ìlọrin kan tí kò mọ̀ ọ́n. "Alfa Gàní nìyẹn!" Wọ́n ti ń dìde. Mo ní, "Ẹ jókòó! Àlùjànnú aṣálẹ̀ ni. Ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Ẹni tó bá dáhùn, a kò ní fojú kàn án mọ́." Obìnrin kan wà nínú wa, Talatu ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Màdúgù, èṣù kì í sá fún ìpèrun ni? Báwo ni àlùjànnú ṣe máa wá pe ìrun?" Ọmọ kéwú kékeré ì bá bi mí bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn kíá, mo ní, "Àlùjànnú mùsùlùmí wà. O ò kà á rí?" Òun ló kọ́kọ́ jókòó. Gbogbo wọn jókòó. Ẹni tó bá ní kí a máa mú òun lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kọ́ ló fi lé wa lọ́wọ́. Ó fi etí rẹ̀ kún un.

Nígbà ìrun Alásàrì, a tún gbọ́ ọ, ó ti rẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí a gbọ́ ọ, kì í ṣe àkókò ìrun kankan. Oòrùn ṣì wà lókè, ohùn náà sì ń pe "ẹ wá kírun, ẹ wá sí ibi ìgbàlà" lápetúnpè, bí ẹni tó gbàgbé èyí tó kàn. Àwọn èèyàn ya ìdí láwàní, wọ́n fi di etí. Garba dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Èmi sì ń kígbe aúùsù, mo ń bẹ Ọlọ́run kó gbà wá lọ́wọ́ èṣù. Ẹni tó ń pe Ọlọ́run ni mo ń ka aúùsù sí! Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tẹ̀lé wa rìn fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni tó ní ẹsẹ̀.

Ibà pa Garba ní Mẹ́kà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo purọ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi kan sọnù, mo nìkan gun òkè yanrìn náà. Mo bá Gàní ní ìdí òkè lódì kejì. Egungun ni, pẹ̀lú búùtà àlùwàlá rẹ̀ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí nídìí. Ó ti gbọ́ ìró wa, ó sì ti ń bọ̀. Mo dúró tì í. N kò gbẹ́ ilẹ̀. N kò kírun sí i lára, nítorí pé bí mo bá pẹ́ níbẹ̀, tí mo sì padà pẹ̀lú yanrìn lọ́wọ́, wọn yóò bi mí léèrè.

Ìyá Hàlímọ̀tù, ìwọ ló pàdé mi lẹ́nu odi ìlú. O ní, "Màdúgù, ẹ ò rí Alfa?" Mo ya ẹnu láti sọ òótọ́, ohun tó jáde ni pé, "Ó ní kí n kí ọ. Wọ́n ti fi í ṣe ládàánì lọ́hùn-ún, kò ní tètè dé." Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìbráhímù fẹ́ fẹ́ ọ, tí àwọn alfa ní kí ẹni tó mọ òótọ́ wá jẹ́rìí bóyá ọkọ rẹ ti kú, mo fi ọwọ́ lé Àlùkùránì, mo ní ó wà láàyè. Ìbráhímù bá tirẹ̀ lọ. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Inú ló ń bí mi lójú aṣálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo búra yẹn, inú kankan kò bí mi. Mo ń dáàbò bo orúkọ mi ni, mo sì fi ìgbà èwe rẹ san án.

Ọlọ́run kò fìyà jẹ mí bí mo ṣe rò. Àwọn irọ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òótọ́. Ẹ rántí ìgbà tí mo dé láti Hájì kejì, tí mo ní Alfa ní kí o má ju igbá tó ya tó wà lókè àjà nù? O pariwo. O ní tírà tó so sílẹ̀ fún ọmọ ló wà nínú rẹ̀, àti pé ìwọ àti òun nìkan lẹ mọ̀. N kò mọ̀ pé igbá wà lókè àjà yín. Ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù ẹnu mi.

Bàbá ará Bídà tó sọ̀ nínú rélùwéè lóṣù tó kọjá náà ńkọ́? Ẹ gbọ́ tó sọ pé ládàánì ará Ìlọrin kan ń kí wa, pé ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Hàlímọ̀tù fi ń di ẹrù. Ṣùgbọ́n mo sin ọkùnrin náà dé ìta, mo bi í pé, "Ní Mẹ́kà lẹ ti rí i?" Ó ní, "Rárá o. Lójú ọ̀nà ni, lẹ́yìn Bọ̀nú. A kò rí ojú rẹ̀. A kàn ń gbọ́ ọ lódì kejì òkè yanrìn. Ó ní kí n sọ fún Màdúgù pé gbogbo iṣẹ́ tí ó ń bá òun jẹ́ ni òun ń gbọ́. Ó ní òun yóò dúró de ọmọ òun ní ọ̀tún." Bóyá Gàní mìíràn ni. Bóyá arúgbó náà ń ṣe wèrè. Mo ti yí i sọ́tùn-ún sósì, kò yé mi. Ohun tó yé mi kò ju ọ̀kan lọ: n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ yìí dé oríta yẹn láìmọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Yísà, ìbéèrè yín nìyí. Bó o bá fẹ́ tẹ̀lé màdúgù, tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n má fi etí rẹ fún un. Lọ́jọ́ tó bá ní kí o má dáhùn ẹni tó ń ké, dìde, lọ wò ó. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń lọ, mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé ewé tí o fi ń mọ̀nà, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí o tó yà.

Kí lo wí, Hàlímọ̀tù? Bóyá ibi tó kú sí jìnnà sí ibi tí a ti kírun? Kò jìnnà, ọmọ mi. Kò ju láti ibi tí a jókòó yìí dé Ìpàtà lọ.

Ìyá Hàlímọ̀tù, má dárí jì mí lónìí, ó ti yá jù. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láti ọdún méjìlá, ẹnikẹ́ni kò kírun òkú sí Gàní lára. Ẹ ránṣẹ́ sí ìmáámù, kí ẹ tò, kí ẹ kírun náà sí i lára nísinsìnyí. N kò yẹ lẹ́ni tí ó ń dúró nínú ìlà yẹn. Yísà, mú mi lápá, gbé mi síta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.