Ẹ̀rọ Kìíní Tí Mo Fi Ṣe Àgbà

Kí bàbá mi tó dákẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ará Kúdẹtì gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe ọwọ́ Dádì ló ṣàṣìṣe tí Màmá Bertha fi jókòó sílé lọ́jọ́ tí omi dé. Èmi ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Tíṣà Ọládiípọ̀, bàbá mi, mọ̀ pé ilé ni wọ́n ti kọ́ èmi Iyìolúwa níwèé. Ọdún mẹ́ta la fi to ogójì kọ̀ǹpútà àlòkù sí pálọ̀ wa, tí a so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n máa ṣírò ibi tí odò Kúdẹtì máa kún dé bí òjò bá rọ̀. Dádì ló ń jó wáyà pọ̀, Bọ̀ọ̀dá Obed, oníná láti Pópó Yemọja, ló ń bójú tó iná àti fáànù, èmi ni mò ń kọ ètò tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ. Ooru pálọ̀ náà pọ̀ débi pé ìta la ti ń jẹun.

Gbogbo ogójì gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò ìkẹyìn fúnra wọn, ká fi èsì wọn wéra. Dádì ti pe fíkà àti àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n wá wò ó ní Sátidé. Ní Fúráìdé, èsì ò bára mu. Ó yẹ kí n wá ẹ̀rọ tó ń ṣìṣe. Mi ò wá a. Mo kọ ìlà mẹ́ta kún ètò náà, pé kí gbogbo ẹ̀rọ yòókù máa gba ohun tí ẹ̀rọ kìíní bá wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, mi ò ní sọ tèmi. Bọ̀ọ̀dá Obed rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, kọ̀ǹpútà yín gan-an ń kúnlẹ̀ kí àgbà." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún Dádì, pé màá tún un ṣe ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé. Fíkà ti gbàdúrà sí i, Dádì ń rìn bí ọkọ ìyàwó. Ojú tì mí, mo fi í sílẹ̀.

Lóṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ láti àárọ̀, Màmá Bertha tí ilé wọn wà létí odò gbé agboòrùn gòkè wá. "Iyì, kí lẹ̀rọ yín wí? Àbí kí n kẹ́rù lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ókè Padre?" Mo wò ó. Ogójì ẹ̀rọ fẹnu kò. "Omi ò ní dé ọ̀dọ̀ yín, mà." "Ó dáa, mo ní ẹ̀wà lórí iná," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni omi wọlé wọn, ògiri sì wó lù wọ́n.

Ọjọ́ kejì tí a sin wọ́n, mo yọ ìlà mẹ́ta náà, mo tún ìṣirò ọjọ́ yẹn ṣe. Ẹ̀rọ mọ́kàndínlógójì ní omi máa wọlé Màmá Bertha. Ẹ̀rọ kìíní nìkan ló ní kò ní wọlé. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Dádì. Mo pa èsì náà rẹ́, mo pa ìlà mẹ́ta rẹ́ níbi gbogbo tí mo kọ wọ́n sí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Dádì jókòó, wọ́n ń tú wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ mi ló gbọ̀n níbì kan," ni wọ́n ń sọ. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ra irin wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Sọ́ńdè, Dádì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni. Àwọn ọmọ Màmá Bertha ò kí wọn mọ́. Láti ìgbà náà ni àìsàn ti dá Dádì dùbúlẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún Dádì lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Iyì, ọmọ dáadáa ni ẹ́. O fẹ́ gba ẹ̀bi mi rù. Má purọ́ nítorí mi." Mo pe Bọ̀ọ̀dá Obed kí wọ́n wá jẹ́rìí, wọ́n ní àwọn ò rántí ìlà kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ rí kó tó di òkú. Ẹ̀yin ọmọ Màmá Bertha, mi ò ní kí ẹ forí jì mí. Ẹ ṣáà wá kí Dádì. Dókítà ní wọn ò lè lo ọ̀sẹ̀ yìí tán. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ẹ̀rí dà. Èmi ni mo pa á rẹ́.